Ẹni Tó Ń Bá Ligaya Jẹun

Kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín tètè rín in tán. Èmi Rhoda, ọmọ Adéyanjú, mi ò sùn lọ́jọ́ náà, ibà ò sì mú mi. Ọ̀sán gangan ni, ojú mi méjèèjì ló ṣe.

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n fi Ligaya wọ̀ sí nígbà tó dé láti ilẹ̀ Filipíìnì. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ọdún kan láti máa bá wa wọn àwọn ọmọ ọwọ́ ní ilé ìwòsàn kékeré abúlé wa, lójú ọ̀nà Òmù-Àrán sí Èsìẹ́. Èmi ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀. Kí la tún lè fún un bí kò ṣe ọ̀wọ̀?

A bọ̀wọ̀ fún un títí ọ̀wọ̀ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Bí oúnjẹ bá jinná, tirẹ̀ la kọ́kọ́ ń bù. A ó gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, a ó fa ìlẹ̀kùn dé, a ó lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀ kí wọ́n má baà máa wo àlejò lẹ́nu. Àwa tó kù á wá yí àwo kan ká lẹ́yìnkùlé, a ó máa fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe àlejò níbí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ó ti rù hangogo. Ó wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ padà sílé.

“Àǹtí Rhoda, kí ni mo ṣe fún yín? Kò sẹ́ni tó ń bá mi jẹun.”

Ojú tì mí. Mo ní láti ọ̀la lọ, a ó jọ máa jẹun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó tún pọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀la mi di ọ̀tunla.

Ló bá di pé ara Ligaya bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Oúnjẹ orí tábìlì ń tutù, kò fọwọ́ kàn án. Bí ọ̀sán bá pọ́n, á jáde. Bó bá dé, òórùn irú á máa ta sánsán lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ náà ṣàdédé já gaara. Hafeezat tó ń kọ káàdì fún wa ní, “Àǹtí, àlejò yín ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ìyá àgbà ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ta ló ń kọ́ ọ?” Ìbéèrè gidi ni. Yorùbá inú ìwé ni gbogbo wa ń bá àlejò sọ.

Èmi, bí nǹkan bá rú mi lójú, mi ò lè gbé e mì. Mo bi í pé níbo ló ti ń jẹun.

“Lọ́dọ̀ Màmá.”

“Màmá wo?”

Ó nàka sí ilé tó wà lẹ́yìn igi kajú. Ilé ìyá mi ni. Wọ́n ti kú láti ọdún mẹ́rin, àgádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà náà. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.

“Kí ni wọ́n ń sọ fún ẹ?”

“A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá máa ń yí àwo padà, kí ẹran lè wà lápá ọ̀dọ̀ mi.”

Mo wá ibi jókòó sí. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe fún èmi nìkan nìyẹn, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́dún méjì tí wọ́n lò kẹ́yìn, mo máa ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn nínú kúlà. Oúnjẹ tó dára ni. Mi ò jókòó tì wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, a bá iyán nínú àwo, wọ́n ti bù ú sí méjì. Wọ́n jẹ ìdajì. Wọn ò kan ìdajì kejì.

Ẹ̀rù kọ́ ló bà mí o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń bínú sí mi. Láti ọdún mẹ́rin, ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ lé e. Oòrùn mú. Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Ewúrẹ́ ò ké, adìyẹ ò ké. Mo ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò mi lọ́wọ́ nígbà tí Ligaya ti ìlẹ̀kùn, tó sì ṣí. Mo wo àgádágodo náà. Ó ṣì wà ní títì.

Inú ilé tutù. Eruku bo ilẹ̀ pátápátá, kò sì sí ipa ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni Ligaya ń wá. Ó jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́. Mo gbọ́ ìró omi. Mi ò rí omi. Ó na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ náà padà pẹ̀lú òkèlè, ọbẹ̀ ilá ń fà lára rẹ̀. Mo ti ọwọ́ tèmi bọ ibẹ̀. Eruku ni mo kàn.

“Ṣé wọ́n wà níbí?”

“Màmá jókòó síwájú yín.”

Omi bọ́ lójú mi. “Bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ń bínú sí mi.”

Ligaya tẹ́tí. Ó wá wò mí.

“Màmá ní ta ni yín?”

“Èmi ni, Ìyá mi! Rhoda ni!”

Ó tún tẹ́tí. “Màmá ní òun bí ọmọ kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá ní ọwọ́ ọmọ náà dí, pé bó bá ráyè, á wá. Màmá ní kí àlejò jókòó, kó jẹun. Òun á ṣì máa dúró de ọmọ òun.”

Mo jókòó sínú eruku náà. Mo ń pe ìyá mi. Mo ń bẹ̀ wọ́n. Ligaya ò jẹun mọ́, ó kàn di ọwọ́ mi mú. Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ kí Hafeezat tó yọjú sẹ́nu ọ̀nà.

“Àǹtí, àwọn ìyá ọmọ ti kún ilé ìwòsàn o. Ẹ̀yin la ń retí.”

Kí Ọlọ́run foríjì mí. Mo gbọn eruku kúrò láṣọ mi, mo sì tún lọ.