Ìjókòó Kì Í Parọ́

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní irọ́, ẹnu tirẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó ń gba owó orí lórí ẹnu. Lẹ́nu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, ẹni náà kì í sì í ṣe irú èèyàn tó ń tètè rí iwin. Bí iwin bá tilẹ̀ yọ sí i, eyín rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò, yóò ní wọ́n ti lò ó jù.

Ojú-Abẹ ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa díyelé mọ́tò tí wọ́n ti lò. Ẹni tó fẹ́ tà ń pè é, ẹni tó fẹ́ rà ń pè é, nígbà tó bá sì fi máa sọ̀rọ̀ tán, inú àwọn méjèèjì kì í dùn. Ẹnu rẹ̀ mú. Ó wo mọ́tò pásítọ̀ kan, ó ní ó jọ ìwàásù ẹni tó ni ín: ariwo rẹ̀ pọ̀, kò rìn jìnnà.

Àwọn tó kù nínú iṣẹ́ náà máa ń kọ́kọ́ ṣí ẹ́ńjìnnì. Òun kọ́. Ìjókòó ló ń lọ. Yóò bọ́ bàtà, yóò wọlé, yóò pa ilẹ̀kùn dé, yóò dákẹ́. Ó ní èèyàn lè kun ọ̀dà, ó lè fọ ẹ́ńjìnnì, ó lè dá ago tó ń ka ìrìn mọ́tò padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ara tó bá ti jókòó síbì kan pẹ́ ti fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó lè jókòó sínú mọ́tò ẹni tí kò rí rí, kó sì sọ fún ọ pé ẹni náà sanra, pé ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn, pé ìyàwó rẹ̀ kì í bá a jáde. Kì í sì í tàsé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ni: ẹnu ń parọ́, ìjókòó kì í parọ́.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ìyàwó rẹ̀ ti di ẹrù láti àárọ̀. Ọmọbìnrin wọn, ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti bímọ ní ìlú kejì. Wọ́n ti di ìyá àgbà àti bàbá àgbà, ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n sì fẹ́ lọ gbé ọmọ. Àfi bí lọ́yà kan ṣe pè é pé kó wá wo mọ́tò òun.

Ìyàwó rẹ̀ ní ṣé mọ́tò onímọ́tò tún ni, lónìí náà.

"Ọ̀kan péré," ni Ojú-Abẹ wí. "Kó o tó rí bàtà ẹ kejì, mo ti dé."

"Bàtà mi wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìwọ ni mò ń fi gbogbo ìgbà wá."

Ó rẹ́rìn-ín jáde nílé.

Ilé lọ́yà náà wà lópin òpópónà kan tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ojú ọjọ́ ti ṣú. Lọ́yà jáde sí i pẹ̀lú bàtà funfun lẹ́sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń ká aṣọ gbígbẹ. Ojú-Abẹ kí i. Ìyá náà gbójú sókè, ó wò ó títí.

Nínú ilé mọ́tò, lọ́yà ṣí tapólì kúrò lórí nǹkan. Mọ́tò asáré ni, onílẹ̀kùn méjì, oníìjókòó méjì, ó rẹlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́ ìgànná kọjá. Ó ti fìgbà kan pupa rí.

Lọ́yà ní bàbá òun ló ni ín. Ó ní òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin nígbà tí bàbá náà fẹsẹ̀ rìn jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí kò sì padà wálé mọ́. Wọn ò rí òkú rẹ̀, wọn ò gbúròó rẹ̀. Òun fúnra òun ò rántí ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó wọ inú mọ́tò yìí. Ìyá òun ò gbà. Ní báyìí ó ti gbà, àbí ká sọ pé ó ti dákẹ́, òun náà sì fẹ́ mọ iye tó máa mú wọlé, nítorí àwọn olówó kan wà tó ń wá irú rẹ̀ kiri.

Ojú-Abẹ wo àwọn táyà tó ti pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀. Ó ní àwọn aláǹtakùn tó wà níbẹ̀ gan-an ti tó fẹ̀yìn tì. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó nawọ́ wọlé nu eruku lójú ago tó ń ka ìrìn. Ó kà á. Ó tún un kà.

Ó ti lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kìlómítà.

"Ẹṣin eré ìje tí wọ́n fi ń pọn omi nìyí," ló wí. Ó bèèrè pé ọdún mélòó ni bàbá fi wà á. Lọ́yà ní mẹ́fà. Ojú-Abẹ mi orí. Ó ní ẹni tó bá rin ìyẹn láàárín ọdún mẹ́fà, ó ní láti jẹ́ pé kì í sùn. Lọ́yà ní ibi iṣẹ́ nìkan ni bàbá òun ń gbé e lọ.

"Ibi iṣẹ́ náà wà lórí òṣùpá ni?"

Lọ́yà ò rẹ́rìn-ín. Ojú-Abẹ bọ́ bàtà. Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, kò gbọ́ ọ mọ́.

Ìjókòó náà gbà á.

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Awọ tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó yẹ kó tutù, kó le. Ó gbóná díẹ̀, bí ibi tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ó sì bá a mu. Ẹ̀yìn rẹ̀ wọ ibi tó yẹ kí ẹ̀yìn wọ̀. Èjìká rẹ̀ wọ ibi tó yẹ kí èjìká wọ̀. Ó ti jókòó nínú mọ́tò tí kò níye, kò sí èyí tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí i rí.

Ó na ẹsẹ̀. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti yẹ̀ nígbà èwe, kò sì tò dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé etí òde ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ iná mọ́tò. Irin tí wọ́n ń tẹ̀ náà ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Etí òde ni. Inú rẹ̀ ṣì mọ́ bí tuntun.

Ó gbé ọwọ́ lé sítíárìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìka àárín ọwọ́ òsì rẹ̀ ti gé ní oríkèé àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ló gé e ní ilé iṣẹ́ tó ti kọ́ṣẹ́. Lára sítíárìn, lápá òsì, àwọn ìka ti họ awọ. Mẹ́ta gùn. Ti àárín kúrú.

Ó ní òun fẹ́ jáde nígbà yẹn. Ọwọ́ òun ni ò jẹ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìjókòó lọ sábẹ́, bí ọwọ́ ṣe máa ń mọ ibi tí àpò wà. Awọ ya níbẹ̀. Nǹkan wà nínú ibi tó ya náà. Ó fà á jáde: bébà súìtì mínǹtì tí wọ́n ká bí ọkọ̀ ojú omi kékeré. Ó tún fa òmíràn. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti jẹ mínǹtì kan nílé. Ó ti ká bébà rẹ̀ bó ṣe máa ń ká a, ó sì ti jù ú sápò. Ó yọ ọ́ báyìí, ó gbé e ti ìkan nínú àwọn yẹn. Ti inú mọ́tò ti ṣá. Ìyàtọ̀ wọn ò ju ìyẹn lọ.

Ó wo ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí ìyàwó ń jókòó. Èèyàn ti jókòó níbẹ̀ gidigidi. Ó jìn, ó sì tẹ̀ sápá òsì, òróró irun sì ti sàmì sí ibi tí orí ń fara tì. Nígbà tó gbójú sókè, ìyá lọ́yà ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ó tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì.

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí ojú wíńdò.

"Ṣé orúnkún yẹn ṣì ń dùn ọ́?"

Ojú-Abẹ wo orúnkún rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ariwo òjò padà dé.

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ó ní kó má ka ọ̀rọ̀ náà sí, ọjọ́ ogbó ló dé sí Mọ́mì. Ó ní ẹni tó wá ka mítà iná lọ́jọ́sí, Mọ́mì ní kó wọlé wá jẹun.

"Ṣé ó bèèrè orúnkún lọ́wọ́ ìyẹn náà?"

Lọ́yà rò ó. "Rárá. Oúnjẹ nìkan ni."

Ojú-Abẹ bi ìyá náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé irú èèyàn wo ni ọkọ wọn. Ìyá náà ń ká aṣọ kan lọ́wọ́, ó ń tẹ́ ẹ. Ó ní ó ń jáde láàárọ̀, ó ń wọlé lálẹ́. Ọkọ náà a máa sọ pé iṣẹ́ lòun ń lọ. Aṣọ rẹ̀ a sì máa rùn bí inú mọ́tò onímọ́tò.

"Mi ò bèèrè rí," ló wí. "Ẹni tó bá ṣáà ti ń padà wálé, kí lèèyàn fẹ́ bi í?"

Ọ̀rọ̀ náà ti sú lọ́yà. Ó ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Èló?

Ojú-Abẹ ti ní iye kan lọ́kàn. Ó ní iye náà ti wà lórí ahọ́n òun, kò sì pọ̀, nítorí ìrìn tó rìn ti jẹ ẹ́ run. Ó la ẹnu.

"Kì í ṣe títà," ni ẹnu rẹ̀ sọ.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Kò mọ ẹni tó sọ ọ́. Lọ́yà rò pé ọgbọ́n àtirà á ní ẹ̀dínwó ni, ó ní òun náà kì í ṣe ọmọdé. Ìyá náà gbé aṣọ tó ká tán lé orí mọ́tò. Aṣọ ọkùnrin ni. Ojú-Abẹ gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sáré wọ inú òjò.

Nínú mọ́tò tirẹ̀, kò jẹ́ kí ẹ̀yìn òun kan ìjókòó. Ó tẹ̀ síwájú, ó di sítíárìn mú ní òkè níbi tí kì í dì í mú. Bó ṣe wà á délé nìyẹn. Ó ní òun ò fẹ́ mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun àti báàgì. Ó ní ọmọ tí wọ́n fẹ́ lọ gbé á ti máa rìn kí wọ́n tó débẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ ni. Ara Ojú-Abẹ rọlẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba báàgì, ó sì ṣí ilẹ̀kùn apá ọ̀dọ̀ ìyàwó láti bá a fi àkísà nu ibi tí òjò ta sí.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ní mọ́tò náà. Ìyàwó yìí ló ń jókòó níbẹ̀: ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ìsinmi, gbogbo ọjọ́ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìjókòó náà wú, ó ń dán, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ọ̀rá. Kò jìn. Kò tẹ̀ síbì kan. Ó wá ibi tí tíì dà sí lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé ọmọbìnrin wọn lọ sílé ọkọ, ọjọ́ tí àwọn méjèèjì jà lórí tíì náà. Kò rí i. Ó wo ilẹ̀ ibi tí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ máa ń wà. Ó mọ́.

"Ṣé kí n wọlé ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀, "àbí kí òjò kọ́kọ́ pa mí tán?"

Ó yẹra. Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó jókòó. Ìjókòó náà ò dún.

Ó wà mọ́tò lọ. Kò wo ẹ̀gbẹ́. Ojú ọ̀nà ti ṣókùnkùn, kò sì sí mọ́tò mìíràn lójú títì. Ìyàwó rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọmọ, ó ń sọ ta ni yóò jọ, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó mú ẹnu bàbá àgbà. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Máa sọ̀rọ̀," ni Ojú-Abẹ wí.

"Kí n sọ kí ni?"

"Ohun yòówù."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ayé ti yí, ẹni tí kì í gbọ́ tẹnìkan ló ń tọrọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń sọ ọ́ bọ̀, ó ń sọ ọ́ bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó tún dákẹ́. Òjò ń rọ̀. Ojú-Abẹ ń wo iwájú. Ó pè é. Ó dúró. Ó tún un pè.

Ibi tó bá a dé nìyẹn nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Mo ní ṣé ìyàwó wá dáhùn. Ó mú mínǹtì kan látinú àpò, ó jù ú sẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká bébà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo tún bi í. Kò wo ojú mi. Àga tí mo jókòó lé ló ń wò, bóyá ó jìn.