Láti Òdìkejì Tábìlì

Ojú obìnrin náà wà ní dídì nígbà tí Alọṣọ kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ bà lé e léjìká, ó ń fi àtàǹpàkò tọ ojú òwú lára ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ, díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń wá ibi tó ń dun ọmọ. Lójijì ó dúró, ó lajú.

"Òwú kan ti fò níbí," ló wí, kò sì sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Alọṣọ na ọrùn láti ìdí tábìlì rẹ̀, ó wò ó títí, kò rí nǹkan kan. Obìnrin náà yí aṣọ síwájú ìmọ́lẹ̀. Òwú kan ti fò lóòótọ́.

Ẹnu Alọṣọ là sílẹ̀. Ogún ọdún ló ti fi ń lọ aṣọ kiri, kò rí ìka tó ń ríran rí. Níbi tó ti ń wòran, áyọ́ọ̀nù fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀yìn ọwọ́ òsì rẹ̀, ó jó o wàì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa jó aṣọ yẹn o," obìnrin náà wí.

Ẹnu-ò-dilẹ̀, obìnrin tó ń rán kọ́là, bú sẹ́rìn-ín. "Aṣọ kọ́ ló ń jó o! Ẹ wo ọkùnrin yìí dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ló ń jó!"

Báyìí ni wọ́n ṣe pàdé. Ní ilé iṣẹ́ yẹn, kálukú ló ní ibi tirẹ̀ lára aṣọ. Ẹnìkan á gé, ẹnìkan á rán kọ́là, ẹnìkan á rán apá. Ti obìnrin náà ni ihò bọ́tìnnì, Ọwọ́-ríran sì ni gbogbo ilé ń pè é. Tábìlì ìlọṣọ kọjú sí ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí náà, bí Alọṣọ bá gbójú sókè, òun ló ń rí. Kì í sì í pẹ́ kó tó gbójú sókè.

Ọ̀rọ̀ a máa há Alọṣọ lọ́fun. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni, ó ti sin ìyàwó kan rí, ìwé tó kà kò sì tó nǹkan. Ohun tí kò lè sọ, ó ń fi áyọ́ọ̀nù sọ ọ́: bí òjò bá pa ìborùn obìnrin náà láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, á ti gbẹ, á ti dán, á ti wà ní ṣíṣẹ́ lórí àga rẹ̀. Obìnrin náà á gbé omi tútù wá fún un nínú ooru.

"Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yín pọ̀ tó báyìí," á wí. "Ẹ rọra o, ẹ máa dí mi létí."

Alọṣọ á mu omi náà. Á fẹ́ fèsì. Omi á tán kí èsì tó dé.

Ọdún kan kọjá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àga ẹ̀bá fèrèsé ṣófo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí obìnrin náà padà, ó ti rù, ó wé gèlè rẹ̀ wá sílẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Ó tọ Alọṣọ wá tààrà.

"Jẹjẹrẹ ni," ló wí, bí ẹni ń pe ìwọ̀n aṣọ fún agéṣọ. "Ọmú òsì. Wọ́n ti gé e. Ó ku oògùn tí wọ́n á máa fà sí mi lára. Mo sọ fún yín kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu Ẹnu-ò-dilẹ̀."

Alọṣọ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú, ìdí áyọ́ọ̀nù ló wà ní ilé iṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe pé ọ̀gá ibẹ̀ kọ̀ fún un láti lọ. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó bèèrè. Nǹkan tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn nìyẹn: kò sẹ́ni tó kọ̀ fún un, òun ni kò bèèrè.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ìkà obìnrin. Iṣẹ́ tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù, ẹ̀rù náà ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìwé kan wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ gbàyè láti tọ́jú aláìsàn, kó sọ ohun tí aláìsàn náà jẹ́ sí i. Ọkọ, aya, òbí tàbí ọmọ. Yàtọ̀ sí àwọn yẹn, kò sí àyè. Ó fún Ọwọ́-ríran ní Ọjọ́rú kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta láti lọ gba oògùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ọjọ́rú gbọ́dọ̀ pé ní Ọjọ́bọ̀.

Ó sì ń pé. Ìyẹn ló ń ya Alọṣọ lẹ́nu. Obìnrin tí wọ́n fi oògùn líle kún iṣan rẹ̀ lánàá, ẹ wò ó lónìí, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan gèlè rẹ̀ yọ̀, orí rẹ̀ hàn, ó ń dán bí ìdí abọ́ tuntun. Alọṣọ ò lè mójú kúrò.

"Ẹ máa wò ó dáadáa," obìnrin náà wí. "Ẹ ò sanwó, ẹ ń wòran."

"Ó... ó dán," ni Alọṣọ wí.

"Àbí ẹ fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù kàn án díẹ̀ sí i?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí Alọṣọ fi máa dákẹ́, omi ti wà lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn oògùn kẹrin ni Alọṣọ rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí. Obìnrin náà dijú, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú òwú lọ bíi ti àtijọ́. Láti òdìkejì tábìlì, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé mọ́ lára aṣọ náà, Alọṣọ rí i kedere pé òwú ti fò níbì kan. Ìka náà kọjá lórí rẹ̀, kò dúró. Obìnrin náà lajú, ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

Oògùn ti pa ìka rẹ̀, kò mọ nǹkan lára mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀.

Ọ̀gá dúró lé e lórí. "Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tí àwọn ọlọ́dẹ ní ká rán gbọ́dọ̀ jáde lọ́sẹ̀ yìí. Bí ihò wọn ò bá pé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mà á wá ẹlòmíràn. Kí o lọ sinmi sílé títí ara á fi yá. N ò lé ọ o."

"Ẹ ò lé mi," obìnrin náà dáhùn. "Ẹ kàn ní kí n má wá mọ́ ni. Ọ̀gá, bí mo bá jókòó sílé, aláìsàn ni mí láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdí ẹ̀rọ yìí nìkan ni mo ti ń ṣe èèyàn."

Ọ̀gá wọlé lọ.

Alọṣọ ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, nítorí áyọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ gbóná kí àwọn yòókù tó dé. Ní Ọjọ́bọ̀ náà, ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là nígbà tó jókòó sórí àga obìnrin náà. Iwájú ọgọ́ta ṣẹ́ẹ̀tì ló kù láti Ọjọ́rú oògùn. Ó rò pé òun mọ iṣẹ́ náà. Ṣebí ọdún kan ààbọ̀ ló fi wò ó? Òkìtì aṣọ méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ó rántí dájú pé apá ọ̀tún ni obìnrin náà ti máa ń mú. Ó mú láti ọ̀tún, ó sì lu gbogbo rẹ̀ níhò. Kí obìnrin náà tó wọ́ ẹsẹ̀ wọlé, wọ́n ti kó wọn lọ fún àwọn tó ń rán kọ́là àti apá. Obìnrin náà rò pé Ọ̀gá ló fi iṣẹ́ náà jìn òun. Kò bèèrè.

Ní ọjọ́ kejì, ṣẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ dé orí tábìlì ìlọṣọ. Ọ̀gá wà nítòsí. Alọṣọ ṣẹ́ iwájú aṣọ lé ara wọn kó tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, áyọ́ọ̀nù sì dúró lókè. Apá òsì ni ihò bọ́tìnnì ọkùnrin máa ń wà. Ti obìnrin ló ń wà lápá ọ̀tún. Apá ọ̀tún ni èyí wà.

Ìgbà yẹn ló tó yé e. Iwájú obìnrin náà ló ti ń wò ó, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà lọ́tùn-ún Alọṣọ, òsì obìnrin náà ni. Òkìtì iwájú ọ̀tún ló mú dípò ti òsì.

Ọ̀gá ti rí i. "Ọgọ́ta!" ó pariwo. "Mo sọ ọ́, àbí n ò sọ ọ́? Oògùn ti dé orí rẹ̀. Ọwọ́-ríran, kó ẹrù rẹ."

Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Obìnrin náà dìde, ó di ọwọ́ àga mú.

"Èmi ni." Ohùn Alọṣọ kéré, bí ti ọmọdé. "Ọ̀gá, èmi... èmi ni mo ṣe é."

"Alọṣọ, jókòó. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe ọ́."

Ọwọ́-ríran ti gba ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e síwájú fèrèsé. "Òótọ́ ló ń sọ. Ẹ wo ìdí òwú, Ọ̀gá. Èmi máa ń fi òwú padà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó já a. Ẹni tó ṣe èyí padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀rù ń bà á pé á tú." Ó mú òmíràn. "Kọ́là yìí, Ẹnu-ò-dilẹ̀ ló rán an, inú ń bí i lọ́jọ́ náà, ẹ wo bó ṣe fa òwú le."

"Ọkọ mi ló bí mi nínú!" ni Ẹnu-ò-dilẹ̀ pariwo, ẹ̀rín sì gba ilé kan.

Ọ̀gá sún mọ́ fèrèsé. Ó wo òwú, ó wo obìnrin náà, ó tún wo òwú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mo ní irú ojú yìí nílé, mo sì fẹ́ lé e lọ torí ọwọ́ tó falẹ̀ nídìí ẹ̀rọ." Ó mí kanlẹ̀. "Láti Ọjọ́ Ajé, ìwọ ni wàá máa yẹ aṣọ wò kó tó jáde. Àárọ̀ nìkan. Ọjọ́ oògùn, ti oògùn ni, n ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọlọ́dẹ náà ní obìnrin láàárín wọn, mà á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba ọgọ́ta yìí fún àwọn yẹn. Ìwọ Alọṣọ, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi mọ́ láyé!"

Ẹ rò pé Ọwọ́-ríran á dúpẹ́ lọ́wọ́ Alọṣọ? Ọjọ́ mẹ́rin ni kò gbé omi wá.

"Ta ló bẹ̀ yín?" ló bi í nígbẹ̀yìn. "Ẹ fi àánú bò mí mọ́lẹ̀ bí aṣọ tó ya. Ẹ ò lè bi mí pé ṣé mo fẹ́?"

Alọṣọ ò sá fún ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó sọ ti ìyàwó rẹ̀, ti ọjọ́ tí kò lè bèèrè. "N ò mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè nǹkan," ló wí.

"Ẹ kọ́ ọ nígbà náà," ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́.

Nígbà tí Ọjọ́rú oògùn tún ku ọ̀la, Alọṣọ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ọwọ́-ríran wà nínú ibẹ̀, ó kó aṣọ tó yẹ̀ wò dání.

"Ọ̀gá, mo... mo fẹ́ gbàyè lọ́la. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e lọ."

Ọ̀gá na ìka sí ìwé ara ògiri. "Kí ló jẹ́ sí ọ? Yan ọ̀kan."

Alọṣọ wo ìwé náà. "N ò tíì... n ò tíì bi í."

"Bi í kíákíá, mo níṣẹ́ láti ṣe."

Alọṣọ yíjú sí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti há sí i lọ́fun láti ọdún yìí wá, mẹ́ta péré ló jáde.

"Ṣé... ṣé aya?"

Obìnrin náà gbé aṣọ sílẹ̀. "Àwọn dókítà ò tíì ní ó ti tán o. Ọmú kan ni mo ní. Bí mo bá di ọwọ́ yín mú, ìka mi ò ní mọ̀ pé tiyín ni."

"Èmi á máa mọ̀ ọ́n fún àwa méjèèjì," ni Alọṣọ wí, kò sì kólòlò rárá.

Obìnrin náà kúrò níwájú rẹ̀, ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ẹ kọ aya, Ọ̀gá."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó pọ̀ nínú yàrá funfun ilé ìwòsàn tí oògùn ti ń kán, tó, tó, tó. Alọṣọ ń wo ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ìràwọ̀. Obìnrin náà ti dijú. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń rìn lẹ́yìn ọwọ́ òsì Alọṣọ, díẹ̀díẹ̀. Lójijì ó dúró.

"Kí ló ṣe ibí?" ló bi í.

Alọṣọ wo àpá iná náà, ó wo ìka tó dúró lé e lórí.

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ ni," ló wí.

Ojú obìnrin náà ṣì wà ní dídì.