Ẹ̀kán Mọ́kànlélógún

Bí iléèwé ṣe jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Aláàánú kò yà síbì kankan. Ilé ìwòsàn ló gbà lọ tààrà, nítorí Màmá Àgbà, ìyá ìyá rẹ̀, wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ló gba omi ara wọn, ni wọ́n bá fa omi sí wọn lára.

Aláàánú kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọmọ tó ń sunkún bí adìẹ bá ṣẹ́sẹ̀, kí lẹ ó tún máa pè é? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì wù ú, bíi ti Àǹtí, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù náà gan-an.

"Bébà wo lo dì mú bí ìwé ìpè ilé ẹjọ́ yẹn?" Màmá Àgbà bi í.

"Fọ́ọ̀mù ni, Màmá. Wọ́n ní ká mú àwọn ẹ̀kọ́ tí a ó máa kọ́ ní iléèwé títí a ó fi jáde. Ọ̀la là ń dá a padà."

Àǹtí, tó ń tún bẹ́ẹ̀dì kejì tẹ́, na ọrùn wo fọ́ọ̀mù náà. "Ìṣirò dà? Físíìsì ńkọ́? Kẹ́mísírì?"

"Áà, Àǹtí! Àwọn yẹn le jù. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe, mi ò fẹ́ ṣe ẹnjiníà. Bí èèyàn bá ṣáà ti láàánú, tó sì ní sùúrù, ṣé ìyẹn ò tó ni?"

Àǹtí fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n wọ́n pè é ní yàrá kejì. "Ọ̀rọ̀ wa ò tíì tán o," ó wí, ó sì jáde.

Màmá Àgbà pa ojú dé. Aláàánú jókòó, ó ń wo àpò omi tí wọ́n gbé kọ́ sókè. Omi náà ń kán sínú rọ́bà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kán. Kán. Ìgbà wo ni èyí máa tán? Àánú ìyá àgbà ṣe é. Bí omi náà bá tètè wọlé, ara wọn á tètè yá, bóyá wọn á tiẹ̀ sun ilé lónìí. Ó ti rí i tí Àǹtí ń yí kẹ̀kẹ́ kékeré kan lára rọ́bà náà, èyí tó ń mú omi yára tàbí kó falẹ̀. Ó na ọwọ́, ó yí i. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Inú rẹ̀ dùn.

Kò pẹ́ tí Àǹtí fi wọlé padà. Ó rí omi náà, ó sáré ti rọ́bà pa.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba Aláàánú. Àǹtí gbé ẹ̀rọ ìgbọ́-àyà sí àyà Màmá Àgbà, ó gbọ́ ọ̀tún, ó gbọ́ òsì, ó ń wo aago bó ṣe ń ka mímí wọn.

"Èmi ni, Àǹtí. Àánú wọn ló ṣe mí."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò tíì pẹ́. Ọkàn àgbàlagbà ni èyí. Bí omi bá ya wọ ara wọn lójijì, ó lè kún ẹ̀dọ̀fóró, kí wọ́n má lè mí mọ́. Mo máa sọ fún dókítà báyìí."

Dókítà wá, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kò séwu, ó sì sọ bí wọ́n ṣe máa fa èyí tó ṣẹ́ kù. Omijé ti kún ojú Aláàánú.

"Nu ojú, kóo mú bíírò," Àǹtí wí. "Mìlílítà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló wà nínú àpò yìí níbẹ̀rẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n ní kó fi wọlé. Rọ́bà yìí, ogún ẹ̀kán ni mìlílítà kan. Ẹ̀kán mélòó ló yẹ kó máa kán ní ìṣẹ́jú kan?"

Aláàánú jẹ ìdí bíírò. Ó kọ ẹgbàárùn-ún ẹ̀kán sílẹ̀. Ó kọ ìṣẹ́jú ọ̀rìnlénírinwó. Ó pín in, ó pa á rẹ́, ó tún un pín.

"Ogún àti díẹ̀... Ó sún mọ́ mọ́kànlélógún!"

"Ta ló wá sọ fún ọ pé ó le jù?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni."

"Àwọn náà ti gbìyànjú ẹ̀ wò?"

"Rárá o."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí omi yìí fi níyọ̀ nínú, tí kì í ṣe omi ẹ̀rọ lásán? Kẹ́mísírì ló máa sọ fún ọ. Kí ló dé tí a fi gbé e kọ́ sókè? Lọ bi físíìsì. Ọmọ mi, àánú ló ń gbé mi wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ìmọ̀ ni kì í jẹ́ kí n pa ẹni tí mo wá ràn lọ́wọ́."

Màmá Àgbà la ojú kan. "Ẹ rò pé mo ti sùn ni? Ọlọ́run gan-an, oníṣirò ni. Ó ka gbogbo irun orí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó kù ò ní gba àkókò lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Aláàánú tẹ fọ́ọ̀mù náà sí orí itan, ó sì fi àmì sí ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe sá fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nítorí ohun tí ẹgbẹ́ yín wí. Ẹ bi àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tó wù yín léèrè kí ẹ tó mú ẹ̀kọ́ tí ẹ ó kọ́ ní iléèwé. Ibi tó bá ti le, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́, ẹ tún un ṣe. Ẹ̀yin òbí, ẹ má sọ fún ọmọ yín, ọkùnrin tàbí obìnrin, pé orí rẹ̀ kò lè gbé e. Bí ẹ bá sì lọ wo aláìsàn, ẹ má fọwọ́ kan omi tí wọ́n fà sí i lára. Nọ́ọ̀sì ni kí ẹ pè. Ọlọ́run tó fún yín ní ọkàn tó láàánú ló fún yín ní orí tó lè ṣírò. Ẹ lo méjèèjì.