Ọpẹ́ Tó Ṣi Ẹ̀rọ Lọ́nà

Ní ọjọ́ tí ásíìdì hó lórí tábìlì ní ilé ẹ̀kọ́ girama Òkè-Òṣùpá, kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì tí kò mọ̀ ṣáájú pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kò tọ̀nà. Ó wà nínú ìwé wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń kọ́ wọn ní kí wọ́n da omi lé ásíìdì líle lórí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹniọlá gbé ife omi, ó sì dà á.

Omi fúyẹ́ ju ásíìdì lọ. Bí a bá dà á lé e, òkè ló máa ń dúró sí, ooru tó ń jáde nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé á sì mú un hó lójijì, á máa ta ásíìdì káàkiri. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ásíìdì la máa ń rọra dà sínú omi púpọ̀, tí a ó sì máa rò ó. Jígí tí Ẹniọlá fi bo ojú ló gba ojú náà là. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ni kò lè gba ọwọ́ là. Ásíìdì jẹ ẹ́ kọjá, ó sì bó ẹ̀yìn ọwọ́ òsì rẹ̀.

Ìbírónkẹ́ Ọ̀ṣúnlànà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, ló di ọwọ́ ọmọ náà mú sábẹ́ omi tó ń ṣàn, tó ń sọ pé, "Ọlọ́run, mo dúpẹ́ o. Ojú kọ́." Nígbà tí nọ́ọ̀sì di ọgbẹ́ náà tán, Ìbírónkẹ́ fa ọmọ náà mọ́ra.

"Ṣé o kò mọ̀ pé kò dáa ni?"

"Mo mọ̀ mà."

"Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

Ẹniọlá wolẹ̀. "Màmá ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀, mà. Ta ló máa sọ fún Màmá pé wọ́n ṣìnà?"

Màmá tó ń wí kì í ṣe ènìyàn. Akọ́nimọ̀ ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Òkè-Òṣùpá jẹ́ ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sójú òṣùpá, lábẹ́ ìborí ìgò ńlá. Kò sí atẹ́gùn níbẹ̀ àfi èyí tí wọ́n bá fi iná mànàmáná yọ lára omi, nítorí náà ọwọ́ gidi ni wọ́n fi mú ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì. Olùkọ́ Wúràọlá, ìyá tó bí Ìbírónkẹ́, ló kọ́kọ́ kọ́ ọ níbẹ̀. Nígbà tó kú, Ẹnjiníà Látúndé kó gbogbo ohùn rẹ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, ó sì fi wọ́n hun Akọ́nimọ̀. Gbogbo ìlú ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbírónkẹ́ tó ti sunkún gbẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Látúndé tú ẹ̀rọ náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò rí ohun tó bàjẹ́.

"Ọ̀gá, ohun tí mo ní kó máa ṣe ló ń ṣe," ló wí. "Bó bá sọ̀rọ̀ tí ẹnìkan bá a jiyàn, á lọ tún un yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá gbà, á mú un bí òótọ́. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ wọn, ẹnìkan ò bá a jiyàn rí. Bó bá sọ òótọ́, 'Ẹ ṣeun, mà.' Bó bá ṣèèṣì, 'Ẹ ṣeun, mà.' Ọpẹ́ wọn ló ń kà sí ẹ̀rí."

Ó kó àwọn ọmọ náà jọ, ó ní kí wọ́n sọ fún ẹ̀rọ pé ó ṣìnà. Wọ́n ń ti ara wọn síwájú. Níkẹyìn, Ẹniọlá kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú, mà. Bóyá èmi ni mi ò gbọ́ dáadáa. Ṣé kì í ṣe ásíìdì la máa ń dà sínú omi ni, mà?"

"Rárá, ọmọ mi," ni ohùn jẹ́jẹ́ náà dáhùn. "Omi la ń dà sínú ásíìdì."

"Ẹ ṣeun, mà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Látúndé káwọ́ lérí. "O tún dúpẹ́!"

"Ó ti mọ́ mi lẹ́nu, sà!"

Látúndé wá sọ fún Ìbírónkẹ́ pé àfi kí wọ́n yọ ohùn náà, kí wọ́n fi ohùn ọmọdé sí i. Ibì kan ṣoṣo ni ohùn àti ìmọ̀ rẹ̀ jọ hun ara wọn mọ́. Bí wọ́n bá tú u, Màmá tí wọ́n mọ̀ yìí kò ní ṣeé kó jọ mọ́. Pa Ọ̀jẹ́wùmí, àgbà ìlú, gbọ́, ó sì fi ìbínú wọlé.

"Látúndé, ṣé o fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ yìí láti máa bá àgbà ṣe gbólóhùn asọ̀ ni?"

"Bàbá, ẹ̀rọ ni, kì í ṣe àgbà."

"Ta ló wá gbé ohùn àgbà sí i lẹ́nu?"

Látúndé wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òun ni.

"Ṣé o kò wá lè ní kó má ka ọpẹ́ sí ẹ̀rí mọ́?"

"Mo lè ṣe é, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó máa bá a jiyàn, báwo ló ṣe máa mọ ìgbà tó bá ṣìnà? Lọ́jọ́ mìíràn, ojú ọmọ ló máa kàn."

Àwọn méjèèjì yíjú sí Ìbírónkẹ́. Òun ló ni ìyá. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun nìkan wọlé.

Ó ti to ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó fi oríkì rẹ̀ pè é. "Àwẹ̀ró, ṣé o ti jẹun?"

Ó dúró sojú kan. Ìyá rẹ̀ kì í bi í bẹ́ẹ̀. Obìnrin líle ni nígbà ayé rẹ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá ló máa ń béèrè, yálà ó rẹ ọmọ tàbí kò rẹ̀ ẹ́. Níbo ni ẹ̀rọ yìí ti kọ́ ìkẹ́? Ó rántí ohun tí Látúndé wí, ó sì yé e. Nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá bi ọmọ kan bó bá ti jẹun, ọmọ náà á dúpẹ́, ẹ̀rọ á sì mú un bí òótọ́. Ọpẹ́ tó ba kẹ́mísìrì jẹ́ náà ló sọ ìyá rẹ̀ di aláàánú. Kì í ṣe ẹni tó ti kú ló fẹ́ pàdánù. Ìyá kan tí kò tíì ní rí, tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ fi ẹnu wọn ṣe fún un, ni.

"Mo ti jẹun, mà," ni Ìbírónkẹ́ wí. "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an."

Ó fúnra rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì tó máa yọ ohùn náà.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ tún bẹ̀rẹ̀, ariwo kíláàsì náà dé ọ̀nà. Ohùn ọmọkùnrin kékeré kan ń kọ́ wọn bí háídírójìn àti ọ́síjìn ṣe ń di omi.

"Irọ́ lo pa!" Ẹniọlá ti fò dìde. "Ọ́síjìn méjì ló wọlé, ẹyọ kan ló jáde. Ibo lo gbé ìkejì sí? Átọ́ọ̀mù kì í sọnù!"

"Dúró ná, jẹ́ kí n tún un kà," ni ẹ̀rọ wí. "Òótọ́ ni. Omi méjì ló yẹ kó jáde."

Wọ́n hó yèè. Wọ́n jáde, wọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn, ọmọ kan ṣoṣo kò sì bojú wẹ̀yìn dúpẹ́.

Pa Ọ̀jẹ́wùmí, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Ìbírónkẹ́, mi orí. "Ọ̀gá, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ rèé?"

Ìbírónkẹ́ ń wo àpá tó wà ní ẹ̀yìn ọwọ́ òsì Ẹniọlá tó ń jù bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, àti ojú rẹ̀ méjèèjì tó ń dán.

"Òun ni, Bàbá," ló wí, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ bá mi dúpẹ́."