Ṣalánga Tí Kì Í Kún

Agbẹ́kànga ni bàbá ọkọ mi, Bàbá Awóníyì. Nígbà tí mo lóyún Ìrètíolúwa lọ́dún 1996, wọ́n ní ìyàwó àwọn ò gbọdọ̀ máa ru omi wálé láti ọ̀nà jíjìn mọ́. Wọ́n gbẹ́ kànga kan sókè ẹ̀yìnkùlé wa ní Ilé-Ifẹ̀, ó kan àpáta, kò lómi. Wọ́n gbẹ́ òmíràn sí ìsàlẹ̀, omi sun.

Èyí tó kọ̀, wọ́n tẹ́ pákó sí i lórí, wọ́n fi páànù yí i ká, ó di ṣalánga. Ọdún kan kọjá, kò kún. Àwa náà ń yìn ín kiri.

Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ wọnú, kò lókun láti sunkún mọ́. Bàbá ló gbé e dé ilé ìwòsàn, wọn ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Omi iyọ̀ àti ṣúgà ni wọ́n ń fún un níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lajú. Nọ́ọ̀sì ní ká lọ yẹ omi wa wò.

Mo pe Hakeem, aládùúgbò wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ.

Ó wá, ó bi Bàbá pé, "Bàbá, báwo ni ṣalánga ṣe jìnnà sí kànga tó?"

"Ogójì ìṣísẹ̀. Àbí o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?"

"Ta ni mo jẹ́, Bàbá? Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi. Bí kànga bá dé orí àpáta, ibo lomi ti ń wọlé?"

"Inú ẹ̀là àpáta ni. Ẹ̀là yẹn a sì máa lọ jìnnà."

"Ṣalánga yín ńkọ́, kí ló dé tí kì í kún?"

Bàbá wo ṣalánga lókè. Wọ́n wo kànga nísàlẹ̀, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìgbẹ́ ni mo ń bù fún ọmọ mi mu," ni wọ́n wí.

Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ wọn mú. "Bàbá, ìfẹ́ lẹ fi ṣe é. Ẹ ò mọ̀ ni." Àánú wọn ṣe mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Hakeem ní, "Iyẹ̀pẹ̀ a máa sẹ́ omi bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì. Ẹ̀là àpáta kì í sẹ́ nǹkan kan, bó ṣe gbà á ló ṣe ń gbé e lọ. Omi lè mọ́ gaara kí àrùn sì wà nínú rẹ̀."

Bàbá dá nìkan dí ihò náà. Wọ́n gbẹ́ ṣalánga tuntun sí ibi tó rẹlẹ̀ ju kànga lọ, ó jìnnà sí i, kò sì dé àpáta. A gbọ́n kànga, Hakeem da oògùn apakòkòrò sí i.

Ẹ̀yin ará wa, kànga tó bá kọ̀ tí kò lómi, ẹ dí i. Ẹ má sọ ọ́ di ṣalánga tàbí ààtàn. Ẹ má gbẹ́ ṣalánga sí ibi tó ga ju kànga lọ. Ẹ máa se omi kí ọmọ tó mu ún, bó ti wù kó mọ́ tó.

Ìrètíolúwa ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ti ń sáré báyìí. Bó bá na ife sí bàbá rẹ̀ àgbà, wọn kì í bu omi fún un àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ bi mí: "Ìyàwó mi, ṣé o ti sè é?"