Ẹlẹ́rìí Mẹ́ta fún Aṣọ Ẹtù

"Kí ló dé tí wọ́n ń wọlé, tí wọ́n ń wò, tí wọn ò sì ra nǹkan kan?"

Mùyìbátù ló béèrè bẹ́ẹ̀. Àmúdà bàbá rẹ̀ kò gbójú kúrò lórí òwú tó nà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Dayọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, ń jẹ máńgòrò ní tirẹ̀. Mùyìbátù tún wo fóònù: igba ènìyàn ó lé mọ́kànlá ló ti wọ ìsọ̀ náà.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìsọ̀ ọ̀hún wà. Ọ̀fẹ́ ni àwòṣe tó fi ṣe é. Ó yan àwọ̀ aró tó bá ẹtù mu, ó gbé àwòrán aṣọ méjìlá sí i, ó kọ iye owó sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi nọ́ńbà bàbá rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Kì í ṣe eré ló ń ṣe. Ràmọ́nì, alágbàtà tó máa ń kó aṣọ wọn lọ sí Ìbàdàn, ti ní ẹtù kò tà mọ́, aṣọ tó ń dán yinrin nìkan lòun ó máa gbà. Àmúdà wá fún ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: bí ẹnikẹ́ni ò bá fi fóònù ra ẹtù, òun ó pa á tì. Bẹ́ẹ̀, ẹtù yìí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní Ìsẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù.

"Wò ó," Dayọ̀ fi ìka tó kún fún omi máńgòrò tọ́ka sí fóònù, "àyè wà níbí fún ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà, o fi í sílẹ̀ lófìfo. Ta ló máa ra ohun tí ẹnì kan ò rà rí?"

"Ẹnì kan ò sì tíì rà á. Kí wá ni kí n kọ?"

"Kọ ọ́ fúnra rẹ jàre! Ìwọ tí tíṣà ń ka àròkọ rẹ sí gbogbo kíláàsì létí. Ta ló máa bi ọ́?"

Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ tó ti tẹ̀ sídìí òfì, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ sí fóònù. Ó fi orí ara rẹ̀ dá oníbàárà mẹ́ta sílẹ̀ tí wọ́n ń yin aṣọ náà: Jẹ́ẹ́dé ní Ṣakí, Ìyá Mọ́ládé ní Ìgànná, àti Ọ̀ṣúntóbi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó fi ẹtù náà ṣe ìyàwó, tí gbogbo àlejò ń bi í níbi tó ti rà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, fóònù Àmúdà dún. Kì í gbé e sétí tó bá ń hun aṣọ. Ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta.

"Ẹ káàsán sà. Favour ni orúkọ mi, tíṣà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́." Yorùbá rẹ̀ dún bí ti ẹni tó dàgbà kó tó kọ́ ọ. "Mo fẹ́ lọ wo aṣọ tí Ọ̀ṣúntóbi rà lọ́wọ́ yín. Àdúgbò wo ló ń gbé?"

"Ọ̀ṣúntóbi wo? Mi ò ta aṣọ fún Ọ̀ṣúntóbi kankan rí."

"Háà. Ó dáa. Ẹ ṣeun sà." Ó pa fóònù.

Kí Àmúdà tó yíjú padà, Mùyìbátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bí òwú bá já mọ́ mi lọ́wọ́," bàbá rẹ̀ wí jẹ́jẹ́, "mo máa ń fi ojú ibẹ̀ han ẹni tó fẹ́ rà á. Ìwọ wá lọ fi ẹnu ẹni tí kò sí láyé yin iṣẹ́ mi." Ó na fóònù sí i. "Pè é padà."

Ó kọ́kọ́ pa orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Lẹ́yìn náà ló pè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Irọ́ ni. Kò sí Ọ̀ṣúntóbi."

Àfi bí Favour ṣe bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ kíláàsì mi ò lè jẹ́wọ́ báyìí láéláé! Àbí o mọ ohun tí mo fẹ́ bi Ọ̀ṣúntóbi? Mo fẹ́ bi í bó ṣe fi bẹ́líìtì ṣe ìyàwó ni."

"Bẹ́líìtì kẹ̀, mà?"

"Àwọn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú àwòrán yẹn. Wọn ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Bẹ́líìtì kọ́ ni?"

Mùyìbátù yanu. Ní Ìsẹ́yìn, ọmọdé tó ń rákò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé tẹ́ẹ́rẹ́ ni òfì ń jáde, télọ̀ ló ń rán awẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó fi ń di aṣọ ńlá. Nítorí pé gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, kò wá sí i lọ́kàn láti sọ ọ́. Igba ènìyàn ó lé mọ́kànlá ti wo bẹ́líìtì olówó gọbọi, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ó gbójú sókè, ó ń wá bó ṣe máa ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà, ìborùn ẹtù tó ń lò lójoojúmọ́ wà léjìká rẹ̀: awẹ́ mẹ́jọ, ojú rírán rẹ̀ hàn kedere nínú oòrùn.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira!"

Ó ya àwòrán náà, ó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Awẹ́ mẹ́jọ, tí télọ̀ bá rán an pọ̀, ló di ìborùn kan." Ó fi ránṣẹ́ sí Favour. Èsì dé kíá: "Áà, ó yé mi wàyí! Ẹ bá mi fi mẹ́jọ pamọ́."

Mùyìbátù ka èsì náà sókè kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́. Ó tún wo ìyá rẹ̀. Ó ti wàhálà láti fi irọ́ dá ẹlẹ́rìí mẹ́ta, òtítọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kó sọ sì wà léjìká ìyá rẹ̀ látàárọ̀.