Ọjọ́ Tí Olóríkunkun Da Ṣokoléètì Rẹ̀ Nù

"Tùẹ̀!" Ẹnudùn tu ṣokoléètì tó wà lẹ́nu rẹ̀ sínú síńkì, ó sì fi omi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé súìtì lo fún mi jẹ ni, àbí oògùn ikọ́?"

Olóríkunkun kò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, lọ́jọ́ tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní bọ́ bàtà kí wọ́n tó wẹ òun. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ tòun ti bàtà. Orúkọ náà sì bá a dé ilé ẹ̀kọ́ girama.

"Kòkó ni," ó dáhùn. "Bí kòkó ṣe ń korò nìyẹn. Màá fi oyin kún un."

"Oyin kọ́ ló kù ú kù. Mílíìkì ni."

"Mílíìkì kẹ̀? Ṣé o ti gbàgbé Kékeré ni?"

Kékeré ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tó ń fi bọ́tìnnì ìyá wọn ṣeré. Bí mílíìkì bá fi lè kan ètè ọmọ náà, ojú rẹ̀ á wú, ọ̀fun rẹ̀ á sì fún bí ẹnu àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀. Bísíkíìtì kan ṣoṣo ló gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́dún méjì sẹ́yìn. Dókítà ní kò gbọdọ̀ kan mílíìkì mọ́, bó tilẹ̀ kéré bí ojú èèrà. Láti ìgbà náà, bí àwọn ọmọ àdúgbò bá jẹ ṣokoléètì tán, Kékeré á ṣa bébà rẹ̀ nílẹ̀, á gbé e símú, á máa gbóòórùn rẹ̀. Gbígbóòórùn yẹn ni Olóríkunkun kò lè fara dà. Ìdí nìyẹn tó fi yá ìwé ìdáná ní ilé ìkàwé tó sì wá ọ̀nà kiri inú rẹ̀ títí ó fi rí i.

Ọ̀nà náà rọrùn. Òróró àgbọn, ìyẹ̀fun kòkó, oyin, àti iyọ̀ bíńtín. Èèyàn á gbé abọ́ òróró lé omi gbígbóná títí òróró á fi yọ́, á ro kòkó mọ́ ọn, á fi oyin àti iyọ̀ sí i, á dà á sínú àwo yìnyín, ó di inú fírísà. Kí èèyàn tó ka orí kan tán nínú ìwé ìtàn, ó ti dì.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ nílé ìwé wọn. Olóríkunkun ti kọ káàdì tó máa wà lórí tábìlì rẹ̀: ṢOKOLÉÈTÌ TÍ KÒ NÍ MÍLÍÌKÌ. KÉKERÉ PÀÁPÀÁ LÈ JẸ Ẹ́. Gbogbo kíláàsì ló ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Olùkọ́ ìdáná wọn, tí wọ́n ń pè ní Màmá Ṣíbí lẹ́yìn nítorí ṣíbí tó máa ń gbé sínú báàgì kiri, ní ọkọ̀ tí kò ní táyà ni ṣokoléètì tí kò ní mílíìkì.

Ẹnudùn yọ agolo mílíìkì nínú báàgì ìwé rẹ̀. "Ṣíbí méjì péré. A ó ya ti Kékeré sọ́tọ̀, a ó fi mílíìkì sí tàwọn tó kù. Ta ló máa mọ̀? Àbí ó wù ẹ́ kí gbogbo kíláàsì máa tutọ́ sílẹ̀ níwájú tábìlì rẹ lọ́la?"

Ẹnu Olóríkunkun, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ jálẹ̀, wúwo lọ́jọ́ náà. Ó ti ń rí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n ń tutọ́. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. "Mo ń bọ̀," ló wí, ó sì lọ fọ àwo yìnyín tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó padà dé, tó gbé àwọn àwo náà kalẹ̀, Ẹnudùn ń súfèé, ó da ohun tó rò sínú wọn, ó kó wọn sí fírísà. Olóríkunkun kò béèrè nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí Ẹnudùn wá pè é kí wọ́n jọ lọ, Olóríkunkun kó àwọn àwo náà jáde. Méjì dúdú bí ìdí ìkòkò. Méjì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí amọ̀ tó gbẹ.

"Èwo lo kọ́kọ́ rò?" ó béèrè.

"Ti mílíìkì. Àwọn dúdú yẹn ni ti Kékeré, ọkàn rẹ balẹ̀."

"Ṣíbí mélòó lo lò?"

"Ṣíbí kan náà ni. Mo nù ún dáadáa kí n tó fi ro ti Kékeré..."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mú tèmi o!"

Kékeré ló sọ̀rọ̀. Ṣokoléètì dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti la ẹnu. Olóríkunkun fò, ó gbá a dànù. Ṣokoléètì náà yí lọ sábẹ́ fíríìjì, Kékeré sì fi igbe ta. Ìyá wọn sáré wọlé tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

Olóríkunkun kò fi nǹkan kan pamọ́. "Màámi, Ẹnudùn ló fi sí i, àmọ́ èmi ni mo dákẹ́."

Ìyá fa Kékeré mọ́ra, ó wo ètè rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lónìí, ó kù díẹ̀ kí ti àbúrò rẹ bá ọ dákẹ́."

Olóríkunkun da ṣokoléètì inú àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú garawa ìdọ̀tí.

"Èyí tó dúdú ńkọ́?" Ẹnudùn kígbe. "Wọn ò ní mọ̀!"

"Èmi mọ̀."

Ó kó ìgò òróró àgbọn tí wọn kò tíì ṣí, kòkó tuntun, oyin tuntun, iyọ̀ tuntun, ṣíbí tuntun, abọ́ àti ọ̀bẹ tó fi ọṣẹ fọ̀, àti fíláàsì omi gbígbóná. Ìyá fún un ní àwo pẹrẹsẹ kan tó ṣì wà nínú páálí, ó sì da yìnyín kún kúlà.

Nílé ìwé, káàdì nìkan ló wà lórí tábìlì rẹ̀. Màmá Ṣíbí dúró tì í. "Tábìlì òfìfo! Ṣé o fẹ́ dójú tì mí lójú àwọn òbí ni?"

Olóríkunkun ṣàlàyé. Ẹnudùn wo bàtà ara rẹ̀.

"Ṣíbí méjì mílíìkì lo torí rẹ̀ da gbogbo rẹ̀ nù? Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí! Ya káàdì yẹn, kí o lọ ra súìtì lẹ́nu géètì, kí o tò ó síbẹ̀."

Olóríkunkun kúnlẹ̀, àmọ́ kò gbé ojú sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. N kò ní ya á."

"Kí lo wí?"

"Mo ní n kò ní ya á, Mà. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni màá ṣe, níbí, lójú gbogbo yín."

"Olóríkunkun ti dé o!" ẹnì kan kígbe lẹ́yìn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi náà ni," ó dáhùn, ó sì dìde. "Ẹ bá mi wo aago."

Ó da omi gbígbóná sínú abọ́ ńlá, ó gbé abọ́ òróró lé e. Kò jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan ta sí i. Ó ro kòkó, ó ro oyin, ó fi iyọ̀ sí i, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú àwo, ó gbé e sórí yìnyín tó ti wọ́n iyọ̀ sí kó lè tutù sí i. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ti ń na ọrùn. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fi ọ̀bẹ kàn án. Kà! Ó ṣẹ́.

Ìyá ti mú Kékeré dé. Ọmọ náà gba èyí àkọ́kọ́, kò jẹ ẹ́. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ṣé ó dá yín lójú?"

Ìbéèrè yẹn dun Olóríkunkun ju ẹ̀rín gbogbo kíláàsì lọ. "Ó dá mi lójú, Kékeré. Ọwọ́ mi nìkan ló kàn án."

Kékeré gé e jẹ. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ètè rẹ̀ kò wú. Ó rún un lẹ́nu, ó rò ó. "Ó korò díẹ̀," ó ní, "àmọ́ tèmi ni. Ẹ fún mi sí i!"

Màmá Ṣíbí náà tọ́ ọ wò. "Ó korò lóòótọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Kòkó ni."

Olùkọ́ náà mú ẹyọ kejì. Apẹ̀rẹ̀ tí ọmọ mìíràn hun ló gba ẹ̀bùn lọ́jọ́ náà. Kò ṣe Olóríkunkun ní nǹkan kan. Ìyá ọmọ kan dúró tì í títí ìpàtẹ náà fi parí, ó ń kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sílẹ̀, nítorí ọmọ tirẹ̀ náà kì í jẹ mílíìkì.

Ẹnudùn ló fọ ṣíbí. "Má bínú," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà, kò lè pa ẹnu mọ́: "Nígbà mìíràn, tí a bá kàn fi mílíìkì bíńtín..."

"Rárá," ni Olóríkunkun wí, sókè, kí gbogbo ẹni tó wà nítòsí lè gbọ́.

Ó ti kọ́ pé ẹni tó dákẹ́ níwájú ohun tí kò tọ́ ti lọ́wọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò jáde lẹ́nu rẹ̀ lánàá ni "rárá" yìí. Lónìí tó jáde, ó dùn lẹ́nu rẹ̀ ju oyin lọ.